Hinckley, Láti Òwúrọ̀ Títí Di Òru

Òwúrọ̀

Kò sẹ́ni tó fi èéfín ṣe nǹkan bàbàrà ní Hinckley láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń bá wọn jí, tó ń bá wọn sùn. Iná ń jó nínú igbó níhìn-ín, òmíràn ń jó lọ́hùn-ún. Ìpẹ́pẹ́ iná ta jáde lára ẹ̀rọ rélùwéè, ó bọ́ sínú koríko gbígbẹ. Àgbẹ̀ dáná sí igbẹ́ tó ṣán, iná náà kọ̀, kò kú. Ó ti mọ́ wọn lára bí òórùn iná pápá ṣe máa ń mọ́ àwa náà lára nígbà ọyẹ́. Ẹni tó níṣẹ́ gba ibi iṣẹ́ lọ, ẹni tó ní oúnjẹ láti sè gbé ìkòkò kaná.

Hinckley wà ní Pine County, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, níhà àríwá Amẹ́ríkà, lójú ọ̀nà St. Paul sí Duluth. Káúńtì lọ́dọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1856 ni wọ́n dá ti Pine yìí sílẹ̀, igi páìnì tó kún ibẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Igi náà ló bí ìlú, òun ló sì bọ́ ọ. Ilẹ̀ àwọn Ojibwe ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ní 1837 ni ìjọba Amẹ́ríkà bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó gba igbó páìnì tó wà láàárín odò Mississippi àti odò St. Croix lọ́wọ́ wọn, àwọn agégi sì tẹ̀ lé ìwé náà wọlé. Nígbà tí ojú irin láti St. Paul dé Duluth parí ní 1870, pákó rọ́nà gbà jáde, ìlú sì ń hù sí ẹ̀bá ojú irin. Nígbà tó fi máa di 1894, ojú irin méjì ló pàdé ní Hinckley, ti ilé-iṣẹ́ St. Paul & Duluth àti ti Eastern Minnesota. Àwọn tó ń gbé ìlú náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ilé-iṣẹ́ Brennan ní ilé ìlagi ńlá kan níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ń tibẹ̀ jẹun, pákó sì tò gègèrè sí àgbàlá rẹ̀ dé ibi tójú lè rí i dé.

Bí wọ́n ṣe ń gé igi náà ló yẹ ká wò dáadáa. Ìtì gbọọrọ tó tọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Orí igi, ẹ̀ka, ewé àti èèpo, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀ níbi tó bá ṣubú sí, wọ́n á bọ́ sídìí igi mìíràn. Ọdún gorí ọdún, pàǹtí ń gorí pàǹtí, oòrùn ń yan án. Oje inú páìnì sì rèé, ohun tí iná ń wá kiri ni. Kò sí òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni kó o kúrò, kò sì sí owó nínú kíkó o. Ní ọdún yẹn gan-an, ọ̀dá dá. Òjò tó yẹ kó rọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kò rọ̀ tó, kànga fà, irà tó ń gbé omi dúró láti ọdún pípẹ́ sán pa. Ohun gbogbo ti wà ní sẹpẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́.

Ọ̀sán

Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í le láti ìhà gúúsù. Iná méjì ló wà níhà ibẹ̀, ọ̀kan nítòsí Mission Creek, ọ̀kan nítòsí Pokegama, abúlé tí wọ́n ń pè ní Brook Park lónìí. Atẹ́gùn gbé àwọn méjèèjì, ó sì ń tì wọ́n síra wọn.

Àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa irú iná báyìí ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lókè. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kan tẹ́ sókè igbó, ó dé gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, èéfín àti ooru tí iná ń tú jáde kò rọ́nà gòkè, gáàsì inú igi tó ń jóná sì ń kóra jọ sísàlẹ̀. Nígbà tí iná méjèèjì pàdé, agbára wọn fọ́ ìdérí náà. Bí ooru ṣe ta gòkè lójijì ni afẹ́fẹ́ tútù ya wálẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, ó fẹ́ iná náà, iná náà sì bí atẹ́gùn tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, kò jó láti ìdí igi dé ìdí igi mọ́. Orí igi ló ń gbà fò, bọ́ọ̀lù iná ń ya níwájú rẹ̀, wọ́n ń bú gbàmù lójú òfuurufú. Iná tí wọ́n ti ń wò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti di ìjì.

Aago méjì

Ní nǹkan bí aago méjì, ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Limited gbéra ní Duluth, ó dorí kọ gúúsù sí St. Paul. James Root ló ń wà á. Jack McGowan ni akoná rẹ̀, ẹni tí ń da èédú sínú iná ẹ̀rọ. Nínú ọkọ̀ lẹ́yìn, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ John Blair ni pọ́tà tó ń bójú tó èrò. Ìgbà náà, nínú iṣẹ́ díẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ rélùwéè fi sílẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú, iṣẹ́ pọ́tà wà níbẹ̀: kó gbé ẹrù, kó tẹ́ ibùsùn, kó máa dáhùn nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń lọ, ojú ọjọ́ ń ṣú. Kó tó lọ jìnnà, wọ́n ti tan àtùpà nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, Root náà sì tan iná iwájú ẹ̀rọ.

Ní Hinckley, John Craig, olórí panápaná ìlú, ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Wọ́n ní ẹ̀rọ panápaná tí oru omi ń tì, wọ́n ní rọ́bà gígùn, wọ́n sì to ìlà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ìlú. Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Màjàlà ń já wálẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀ka tó ń jó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, wọ́n ń sáré pa á. Wọ́n tẹ wáyà pé kí wọ́n bá wọn wá rọ́bà sí i.

Aago mẹ́ta

Iná kọ́kọ́ gba orí Mission Creek kọjá, abúlé kékeré kan ní gúúsù Hinckley. Èèyàn 73 ló wà níbẹ̀. Wọ́n rí i pé ilé kò ní gbà wọ́n, wọ́n bá sá sínú oko ọ̀dùnkún kan, wọ́n dojú bolẹ̀ láàárín ebè. Iná jó gbogbo ilé abúlé náà. Àwọn tó dojú bolẹ̀ yìí dìde láàyè.

Ní Hinckley, nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ni àwọn panápaná rí i pé apá àwọn kò ká a mọ́. Pákó inú àgbàlá Brennan ti gbiná. Rọ́bà ń jó lọ́wọ́ wọn. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, Fadá Lawler, tó ti ń bá wọn pa iná láti ọ̀sán, ló ń sáré ní ìgboro tó ń kígbe pé kí oníkálukú fi ohun gbogbo sílẹ̀, kó sá. Ibi tí ọ̀rọ̀ burú sí ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìlú ní nínú panápaná rẹ̀ ló dá ọ̀pọ̀ dúró dé wákàtí yẹn. Àwọn kan ṣì ń kó àga àti ẹní jáde. Àwọn kan ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń ri ẹrù mọ́lẹ̀.

Aago mẹ́rin

Ọ̀nà mẹ́rin ni àwọn ará Hinckley gbà sá láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ wọn ní kánmọ́kánmọ́.

Àkọ́kọ́ ni ojú irin Eastern Minnesota. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí Edward Barry ń wà wà ní ibùdókọ̀, ọkọ̀ èrò tí William Best ń wà sì ti Duluth dé bá a. Wọ́n so méjèèjì pọ̀. Èèyàn rọ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n rọ́ wọ inú ọkọ̀ ẹrù tí kò ní ìjókòó, ìyá ń ju ọmọ sókè fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọ̀dà ara ọkọ̀ ti ń hó. Barry fẹ́ẹ́ gbéra, ó fọn fèrè. Best kọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni bíréèkì wà, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí ó ń rí àwọn tó ṣì ń sáré bọ̀ nínú èéfín. Ẹ jẹ́ ká rò ó wò: àwọn tó ti wà nínú ọkọ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ, iná ń bọ̀, àwọn tó wà nílẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Ó dúró dé ibi tí ara lè gbà á dé. Nígbà tó tú bíréèkì sílẹ̀, ó kù díẹ̀ kí èèyàn inú ọkọ̀ náà pé 500. Wọ́n forí lé àríwá.

Èkejì ni kòtò kan. Ilé-iṣẹ́ Eastern Minnesota ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́bàá ìlú láti fi tẹ́ ojú irin, ihò ńlá tó fi sílẹ̀ sì ń bí àwọn aráàlú nínú. Omi ìdọ̀tí ló dúró sínú rẹ̀, wọ́n ní ó ń ba ojú ìlú jẹ́. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn sá wọ inú rẹ̀, màlúù àti ẹṣin sì bá wọn wọ̀ ọ́. Wọ́n jókòó sínú omi, wọ́n da aṣọ tútù borí, wọ́n ń bu omi síra wọn lára bí iná ṣe ń gba orí wọn kọjá. Wọ́n yè. Mo kíyè sí i pé oko ọ̀dùnkún ni, kòtò ẹlẹ́gbin ni, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fi í yangàn ló gba èèyàn là lọ́jọ́ náà. Ilé ìlagi tó jẹ́ ògo ìlú ló fún iná ní agbára.

Ẹ̀kẹta ni ojú ọ̀nà tó lọ sí àríwá. Àwọn èèyàn gba orí afárá odò Grindstone kọjá, wọ́n fẹ́ máa sá lọ. Ó ju ọgọ́rùn-ún lọ tó rí irà kan níwájú, tí wọ́n sì rò pé omi wà níbẹ̀. Lọ́dún tí òjò bá rọ̀, wọn kì bá ti ṣìnà. Ọ̀dá ti fa irà náà gbẹ, koríko ló kù nínú rẹ̀. Iná bá wọn níbẹ̀. Òkú 127 ni wọ́n kó ní ojú kan ṣoṣo yẹn.

Ẹ̀kẹrin ni ojú irin St. Paul & Duluth, níbi tí Limited ti ń bọ̀. Ní ibùdókọ̀ ojú irin yìí ni Thomas Dunn wà, ọ̀dọ́kùnrin tí ń tẹ wáyà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ibi tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan dé, kí ó sì kìlọ̀ fún un bí ewu bá wà níwájú. Wọ́n ní kó wá sá. Ó ní òun gbọ́dọ̀ gbúròó Limited. Òrùlé lókè orí rẹ̀ ti ń jó nígbà tó tẹ wáyà tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́ pé ó jọ pé òun ti dúró pẹ́ jù. Ó sáré jáde, kò sì rìn jìnnà. Ẹ̀bá odò Grindstone ló kú sí. Nínú gbogbo ìtàn ọjọ́ náà, ti Dunn ló máa ń gún mi lọ́kàn jù. Kò sí ọ̀gá kankan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ.

Aago mẹ́rin kọjá

Limited kò tíì wọ Hinckley. Nígbà tó ku nǹkan bí máìlì kan, Root rí èèyàn lórí ojú irin, wọ́n ń sáré bọ̀ wá bá a, aṣọ àwọn mìíràn ń jó. Ó dá ọkọ̀ dúró, wọ́n rọ́ wọlé. Wọ́n sọ fún un pé Hinckley ti tán. Kò lè lọ síwájú mọ́, kò sì sí àyè láti yí ọkọ̀ padà. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kó fi ẹ̀yìn rìn. Ó rántí pé adágún kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Skunk Lake wà lẹ́yìn, bíi máìlì márùn-ún sí mẹ́fà.

Iná lé wọn bá lójú ọ̀nà. Gíláàsì ojú fèrèsé fọ́ dànù, àfọ́kù rẹ̀ gé Root lọ́rùn àti níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ó dákú lórí iṣẹ́, ó jí, ó rí i pé ìrìn ọkọ̀ ti ń falẹ̀, ó tún fún un ní agbára. Èédú tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ gbiná. McGowan ń wọ inú táǹkì omi, ó ń jáde, ó ń bu omi sí ọ̀gá rẹ̀ lára kí ó má bàa jóná lórí ìjókòó. Ìlà igi méjèèjì lẹ́bàá ojú irin ń jó, ara ọkọ̀ náà ti gbiná, ẹnikẹ́ni kò sì rí ibi tí wọ́n ń lọ.

Nínú ọkọ̀, John Blair ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń bu omi mímu fún èrò, ó ń fún wọn ní táwẹ́ẹ̀lì tútù láti fi bo imú, ó ń tu àwọn tí ẹ̀rù ti gba èrò inú wọn nínú, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tẹrí sílẹ̀. Àwọn tó yè sọ pé kò fi ìgbà kan pariwo. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Skunk Lake, ó mú ẹ̀rọ ìpaná kékeré lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ́n ọn sí irun àti aṣọ tó ń jó lára àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, ìtọ́jú èrò, kò sì jáwọ́ nínú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń jó mọ́ ọn lórí.

Skunk Lake kò ju ẹrọ̀fọ̀ àti omi tí kò jìn lọ. Nǹkan bí 300 èèyàn wọ inú rẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n fi pa ojú. Wọ́n gbé Root sọ̀kalẹ̀ wá sínú omi. Ọkọ̀ tó gbé wọn wá jóná lórí ojú irin lójú wọn.

Aago márùn-ún

Ọkọ̀ Best àti Barry dé Sandstone, ìlú tó ń wa òkúta ilé, ní àríwá Hinckley. Wọ́n kígbe sí àwọn aráàlú pé kí wọ́n wọlé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló gbọ́. Ọ̀pọ̀ rò pé iná kò lè dé ọ̀dọ̀ àwọn, wọ́n sì dúró. Kò pẹ́ sígbà náà tí ìlú wọn jóná. Àwọn tó tètè sọ̀ sínú odò Kettle ló yè.

Ọkọ̀ náà kò tíì bọ́. Afárá gíga tó gba orí odò Kettle kọjá ti gbiná nígbà tí wọ́n dé ẹnu rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ afárá kígbe pé wọ́n ṣì lè kọjá, kí wọ́n tètè. Wọ́n wọ orí rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀. Wọ́n kọjá. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn wọn, afárá náà wó sínú odò.

Alẹ́

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìjì náà ti kọjá. Láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, ó ti jó ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 400 máìlì níbùú lóòró. Ooru rẹ̀ yọ́ ìṣó inú àgbá di odidi kan, ó lẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ irin mọ́ ojú irin. Àwọn tó wà nínú kòtò jáde sínú ìlú tí kò sí mọ́. Pine City, olú-ìlú káúńtì náà tó wà ní gúúsù, rán èèyàn àti oúnjẹ wá lóru, ọkọ̀ ìrànwọ́ sì ti Duluth wá láti àríwá títí dé ibi tí ojú irin ti bàjẹ́. Lóru yẹn, ẹni tó ń wá ọmọ ń pe orúkọ nínú òkùnkùn.

Lọ́jọ́ Àìkú ni kíkó òkú bẹ̀rẹ̀. Kòtò gígùn mẹ́rin ni wọ́n gbẹ́ sí itẹ́ òkú Hinckley, wọ́n sì sin èèyàn 248 sínú wọn. Òpó òkúta tí ìpínlẹ̀ Minnesota nà síbẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 52 ní gíga, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1900 ni wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀. Iye òkú tí ìjọba kọ sílẹ̀ jẹ́ 418. Àwọn Ojibwe tí iná bá nínú igbó, àti àwọn agégi tó wà ní àdádó, kò sí nínú rẹ̀. Oṣù ń kọjá, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ṣì ń rí egungun. Ojúṣe ìjọba ni láti ka àwọn wọ̀nyí, kò sì kà wọ́n.

Wọ́n tún ibùdókọ̀ St. Paul & Duluth kọ́ sójú ibi tí Dunn ti ń tẹ wáyà. Láti 1976 ni ilé náà ti di ilé àkójọ ohun ìrántí iná Hinckley. Ojú irin tí Root fi ẹ̀yìn rìn lé lórí ti di ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Skunk Lake kọjá. Wọ́n bu ọlá fún John Blair, wọ́n fún un ní aago wúrà. Ní St. Paul, àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í yangàn.

Ẹnì kan wà tó ti kìlọ̀ nípa iná igbó ṣáájú. Christopher Columbus Andrews, ajagun fẹ̀yìn tì tó ti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Sweden, rí i níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igbó, tí wọ́n ń fi òfin dáàbò bò ó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1894, ọjọ́ mélòó kan péré ṣáájú iná náà, ó sọ̀rọ̀ ní Brooklyn níwájú àwọn tí ọ̀rọ̀ igbó jẹ lógún, ó ní kí àwọn ìpínlẹ̀ ṣòfin láti dènà iná igbó. Lẹ́yìn Hinckley ni ilé aṣòfin Minnesota tó gbọ́. Ní 1895 wọ́n ṣe òfin, wọ́n fi Andrews ṣe olùṣọ́ àgbà lórí ọ̀rọ̀ iná igbó, wọ́n sì sọ àwọn alákòóso ìlú kéékèèké di olùṣọ́ iná ní àdúgbò tiwọn, pẹ̀lú àṣẹ láti pe ọkùnrin jáde wá pa iná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Andrews fi ń kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń béèrè iye iná tó jó, ohun tó fà á, àti ẹni tó dá a.